Egungun, Ẹran Ara àti Awọ tí ó Dì Wọ́n Mú

Ọ̀rọ̀ òní dá lé orí ara ènìyàn: egungun tí ó gbé e ró, ẹran tí ó ń mú un rìn, àti àwọn okùn àti awọ tí ó so èkínní mọ́ èkejì. Ó ṣòro kí ẹnì kan wà ní ìjókòó yìí tí kò tíì fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan wọ̀nyí rí. Ọjọ́ Iléyá ni ó rí wọn.

Nígbà tí a bá ti pa àgbò tán, tí a sì ti bó awọ rẹ̀, ẹni tí ó bá sún mọ́ alápatà yóò ṣàkíyèsí pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í fi ọ̀bẹ jà pẹ̀lú egungun itan. Oríkèé ni ó ń wá. Bí ṣóńṣó ọ̀bẹ bá ti bọ́ sí ibi tí egungun méjì ti pàdé, ẹsẹ̀ yóò yọ kúrò lára ìbàdí. Inú oríkèé náà funfun, ó ń dán bí àwo tánganran, omi díẹ̀ tí ó ń yọ̀ bí funfun ẹyin tútù sì wà níbẹ̀. Okùn funfun kan tún wà tí ó ti inú ẹran wá tí ó sì lẹ̀ mọ́ egungun, èyí tí eyín kò lè já bọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé a máa fa irú rẹ̀ nínú ẹsẹ̀ adìẹ tí a ti gé, tí ìka adìẹ náà yóò sì ká bí ẹni pé ó ṣì wà láàyè. Lẹ́yìn èyí ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà, tí ó mọ́ gaara bí ọ̀rá, tí ó bo ìṣù ẹran kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka awọ yìí sí. Wọn a fi ọ̀bẹ yọ ọ́ dànù. Kí olùgbọ́ jọ̀wọ́ fi awọ náà sọ́kàn, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ yìí yóò padà sí, òun ni ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó gbó ṣáṣá di alápá kan.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí egungun. Egungun kì í ṣe òkúta. Òkú egungun ni ojú wa mọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń rò bẹ́ẹ̀. Egungun ààyè ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ó ń mọ ìrora, ó sì ń tún ara rẹ̀ kọ́ lójoojúmọ́. Nǹkan méjì ni ó para pọ̀ di egungun. Ọ̀kan ni èròjà líle bí ẹfun, tí calcium àti phosphate di papọ̀, ó sì tó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwúwo egungun. Èkejì ni fọ́nrán yíyi tí àwọn onímọ̀ ń pè ní collagen. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe kò nílò láti dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Kí ó mú egungun itan adìẹ méjì. Kí ó ri ọ̀kan sínú fínígà fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì máa pààrọ̀ fínígà náà. Kíkan rẹ̀ yóò yọ ẹfun kúrò, ohun tí yóò kù yóò rọ̀ bí rọ́bà, yóò sì ṣeé tẹ̀. Kí ó ju èkejì sínú ẹyín iná títí yóò fi funfun. Fọ́nrán ti jó tán nìyẹn. Egungun náà yóò ṣì dà bí egungun lójú, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ fún un, yóò rún wómúwómú. Bí kankéré tí a kò fi irin sí nínú ṣe ń fọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹfun nìkan ṣe ń fọ́. Irin nìkan náà kò sì lè di ilé. Nítorí pé àwọn méjèèjì wà papọ̀ ni wọ́n fi lè ta ọmọkùnrin nípàá ní ojúgun lórí pápá bọ́ọ̀lù, tí yóò sì dìde tí yóò máa bá eré rẹ̀ lọ.

Collagen yìí kì í ṣe àjèjì nínú ilé Yorùbá. Òun ni ó pọ̀ jù nínú pọ̀nmọ́. Òun ni ó ń mú omi bọ̀kọ̀tọ̀ dì nígbà tí ó bá tutù. Awọ ara, okùn gìgísẹ̀ àti fọ́nrán inú egungun, irú collagen kan náà ni ó pọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Bí a ṣe hun ún ni ó yàtọ̀, gẹ́gẹ́ bí òwú kan náà ṣe lè di okùn tí ó sì lè di aṣọ. (Ẹni tí ó bá rò pé pọ̀nmọ́ tí òun jẹ lálẹ́ yóò lọ tààrà sí orókún òun ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ikùn a kọ́kọ́ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ara ni yóò sì pinnu ibi tí yóò lò ó sí.) Ara kò sì lè hun collagen dáadáa láìsí fítámì C, èyí tí ó wà nínú ọsàn, gúáfà àti ewébẹ̀ tútù. Àwọn atukọ̀ òkun ayé àtijọ́ mọ ìyà àìní rẹ̀: eyín wọn a máa mì, ọgbẹ́ wọn tí ó ti jìnnà a sì tún ya. Ní ọdún 1747, James Lind, dókítà inú ọkọ̀ ojú omi ará Scotland, pín àwọn aláìsàn 12 sí méjì méjì, ó sì fún méjì kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́jú tirẹ̀. Àwọn méjì tí ó fún ní ọsàn àti òroǹbó wẹ́wẹ́ ni ara wọn kọ́kọ́ yá.

Egungun 206 ni ó wà lára àgbàlagbà. Ti ọmọ tuntun tó bí 270 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ni kò tíì lẹ̀ mọ́ra; àwùjẹ̀ orí ọmọ tí ó ń mì tìtì jẹ́ ẹ̀rí èyí. Nínú 206 yìí, 106 ni ó wà ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan, èyí tí ó fi hàn ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí. Egungun itan ni ó gùn jù. Èyí tí ó kéré jù wà nínú etí, kò sì ju bí mìlímítà mẹ́ta lọ. Egungun ọrùn ènìyàn jẹ́ 7. Ti àgùnfọn náà jẹ́ 7, tirẹ̀ kàn gùn ni.

Bí a ti ń ka àwọn egungun wọ̀nyí lónìí, ẹni tí kò yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí má mọ̀ ni Abd al-Latif al-Baghdadi. Galen, oníṣègùn ará Gíríìkì tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ jẹ́ méjì tí a so pọ̀ níwájú. Ara ẹranko ni Galen sábà máa ń là, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di òfin. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń kọ́ ara wọn bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1200 sí 1202, odò Náílì kò kún bí ó ti yẹ, ìyàn ńlá sì mú ní Íjíbítì, tí òkú fi sùn lọ bẹẹrẹ. Al-Baghdadi, tí a bí ní Bàgídáádì ní ọdún 1162, wà ní Káírò nígbà náà. Ó gbọ́ pé òkìtì egungun ènìyàn wà ní al-Maqs, ó sì lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n yẹ agbárí tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì wò. Wọn kò rí ẹyọ kan ṣoṣo tí egungun àgbọ̀n rẹ̀ jẹ́ méjì. Al-Baghdadi bọ̀wọ̀ fún Galen gidigidi, síbẹ̀ ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí ojú rí ṣeé gbẹ́kẹ̀lé ju ohun tí Galen wí lọ. Ó di ọdún 1543, nígbà tí Andreas Vesalius gbé ìwé tirẹ̀ jáde, kí Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo Galen. Kò sí ohun èlò kankan lọ́wọ́ al-Baghdadi ju ojú àti ìka ọwọ́ lọ. (Ti ọmọ tuntun jẹ́ méjì ní tòótọ́, kí ọmọ náà tó lo ọdún kan láyé ni méjèèjì sábà máa ń lẹ̀ mọ́ra.)

Egungun ń tún ara rẹ̀ kọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti wí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wó o, àwọn mìíràn wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mọ ọ́n padà. Láàárín ọdún kan, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá egungun àgbàlagbà ni wọ́n ti pààrọ̀. Ẹrù tí egungun ń gbé ni ó ń sọ ibi tí wọn yóò ti mọ ọ́n nípọn. Julius Wolff, oníṣẹ́-abẹ ará Jámánì, ni ó gbé òfin yìí kalẹ̀ ní ọdún 1892. Ẹ̀rí rẹ̀ hàn lára àwọn tí ń gbé inú ọkọ̀ òfuurufú lókè sánmà, níbi tí ara kò ti ní ìwúwo: èròjà líle inú egungun ìbàdí wọn lè fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lóṣù kan ṣoṣo. Títí di nǹkan bí ọmọ 30 ọdún ni ènìyàn ń kó egungun jọ. Lẹ́yìn náà, wíwó a bẹ̀rẹ̀ sí í ju mímọ lọ díẹ̀díẹ̀, ti obìnrin a sì yá kánkán lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dúró.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ títẹ̀ lára ọmọdé wọ ibí yìí. Àwọn ìwé òyìnbó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni pé àìrí oòrùn ni ó ń fà á, nítorí pé oòrùn ni awọ ara fi ń ṣe fítámì D, fítámì yìí ni ó sì ń jẹ́ kí ara gba calcium láti inú oúnjẹ. Ṣùgbọ́n oòrùn kò wọ́n ní Nàìjíríà, ẹsẹ̀ ọmọ sì ń tẹ̀. Àwọn dókítà tí wọ́n ṣe ìwádìí ní Jos tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Ọmọ 123 tí egungun wọn rọ̀ ni wọ́n tọ́jú: wọ́n fún àwọn kan ní calcium, wọ́n fún àwọn kan ní fítámì D, wọ́n sì fún àwọn ìyókù ní méjèèjì. Àwọn tí calcium wà nínú ìtọ́jú wọn ni ó sàn jù. Oúnjẹ ni kò pé fún àwọn ọmọ náà: ẹ̀kọ tàbí tùwó ní àárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, láìsí wàrà, láìsí ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ tegungun tegungun. Òbí tí ó ń ra ẹja wẹ́wẹ́ kí ó má rò pé ìṣẹ́ ni ó mú òun rà á.

Ó kan ẹran ara. Yorùbá ń pe ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní iṣan: ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, okùn tí ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ wá, àti okùn tí ó so ẹran mọ́ egungun. Èyí a máa da ọ̀rọ̀ rú nígbà tí aláìsàn bá ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún dókítà. Nítorí náà, okùn ẹran ni a ó pe èyí tí ó so ẹran mọ́ egungun, okùn oríkèé ni a ó sì pe èyí tí ó so egungun mọ́ egungun. Okùn oríkèé ni ó máa ń ya bí ẹsẹ̀ bá rọ́. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ síbẹ̀ kò tó nǹkan, ó lè pẹ́ kí ó tó jìnnà ju egungun tí ó kán lọ.

Ẹran ara mọ fífà, kò mọ títì. Ẹni tí ó bá ń ti ọkọ̀ tí ó dákú sójú ọ̀nà rò pé títì ni gbogbo ara òun ń tì. Ẹran ẹ̀yìn apá rẹ̀ ni ó ń fa egungun kí apá lè nà. Èyí ni ó fi jẹ́ pé méjì méjì ni wọ́n sábà máa ń ṣiṣẹ́: ọ̀kan ń ká apá, èkejì ń nà án. Ó sì ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu láti gbọ́ pé kò sí ẹran kankan nínú ìka ọwọ́ tí ń ká a. Kí olùgbọ́ fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún mú nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, kí ó sì máa ká ìka ọ̀tún bí ẹni ń tẹ dùùrù. Yóò mọ̀ ọ́n lára pé ẹran apá ni ó ń ṣiṣẹ́. Okùn gígùn ni ó gba ọrùn ọwọ́ kọjá lọ fa ìka, gẹ́gẹ́ bí ti ẹsẹ̀ adìẹ tí àwọn ọmọdé ń fi ṣeré. Bí ẹran apá bá kú, ìka márààrún ti kú iṣẹ́, bí a kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

Báwo ni ẹran ṣe ń fà? Ní ọdún 1954, ọ̀wọ́ olùwádìí méjì, Andrew Huxley pẹ̀lú Rolf Niedergerke, àti Hugh Huxley pẹ̀lú Jean Hanson, tẹ ìdáhùn kan náà jáde. Fọ́nrán méjì ni ó wà nínú ẹran, actin àti myosin. Kò sí èyí tí ń súnkì. Ńṣe ni wọ́n ń wọ àárín ara wọn. Orí kéékèèké wà lára myosin tí ń ṣe bí ẹni tí ń fa omi láti inú kànga: ó di okùn mú, ó fà á, ó tú ọwọ́, ó sì tún dì í mú níwájú. Èyí tí ó jọni lójú jù ni pé ó nílò agbára láti tú ọwọ́. Bí agbára bá tán pátápátá, ọwọ́ kò ní tú. Àwọn tí ń wẹ òkú mọ èyí dáadáa. Láàárín wákàtí díẹ̀ tí ènìyàn bá kú, ara a bẹ̀rẹ̀ sí í gan, a gan tán ní nǹkan bíi wákàtí 12, kí ó tó tún dẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì bí ẹran ti ń bàjẹ́. Òkú tí a bá tètè wẹ̀ ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ṣeé tò pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Wàyí o, kí a padà sí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ẹran Iléyá. Irú rẹ̀ ni ó di ẹran apá àti ẹran ẹsẹ̀ ènìyàn sínú yàrá yàrá, òun àti egungun ni ògiri àwọn yàrá náà, collagen sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó lágbára púpọ̀, kì í sì í fẹ̀. Ẹwà ni èyí jẹ́ nígbà tí ara bá le. Ṣùgbọ́n kí a sọ pé ọmọ ọdún 16 ṣubú lórí ọ̀kadà, egungun apá rẹ̀ sì kán. Ẹ̀jẹ̀ dà sínú yàrá náà, ẹran wú, ògiri kò sì yẹ̀. Bí ìwúwú ti ń pọ̀ ni ó ń fún àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tínínrín pa, títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè dé ọ̀dọ̀ ẹran mọ́. Wọ́n wá gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ teegunteegun, ó fi ọparun àti aṣọ di apá náà pinpin. Ògiri kejì ti kún ògiri kìíní nìyẹn.

Kò tọ́ kí a máa fi àwọn teegunteegun ṣe yẹ̀yẹ́. Egungun tí a tò tí kò sì mì a máa so fúnra rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ yóò dì sí ibi tí ó kán, láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ohun rírọ̀ yóò ti so ẹnu méjèèjì pọ̀, ẹfun yóò sì máa wọ inú rẹ̀ títí yóò fi le ní bí oṣù kan ààbọ̀ sí mẹ́ta. Ti ọmọdé a máa yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ni ó ti ọwọ́ wọn rìn padà sílé. Ibi tí ọ̀ràn wà ni ìdè líle, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún aláìsàn tí ó ń ké pé kí ó fara dà á, pé egungun ni ó ń so. Egungun tí ó ń so kì í ro báyẹn. Ní ọdún 1881 ni Richard von Volkmann, oníṣẹ́-abẹ ará Jámánì, ti kọ̀wé nípa àwọn tí a di apá wọn jù, tí ẹran apá náà kú, tí ó di àpá, tí ó súnkì, tí ó sì fa ìka ká bí èékánná àṣá láìlè nà mọ́. Èyí tí ó burú jù a máa dúdú, a máa jẹrà, gígé ni ó sì kù.

Ìrora ni àmì àkọ́kọ́, ìrora tí ó kọjá ohun tí egungun kíkán yẹ kí ó mú wá, tí oògùn kò ràn, tí ó sì ń pọ̀ sí i bí wákàtí ti ń lọ. Kí ẹlòmíràn rọra na ìka aláìsàn náà fún un. Bí ìyẹn bá mú un ké, ẹran apá ni ó ń ké. Ìka lè kú tipiri tàbí kí ó máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Ó lè tutù, kí ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀jẹ̀ tí ó ń lù ní ọrùn ọwọ́ tu ara rẹ̀ nínú. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ńlá lè ṣì máa lù nígbà tí ẹran ti ń kú. Bí wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà bá ti kọjá, ìbàjẹ́ ti wọlé. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, èyí tí ó pọ̀ jù kì í ní àtúnṣe mọ́. Nítorí náà, kí wọ́n tú gbogbo ìdè lójú ẹsẹ̀ títí yóò fi kan awọ ara. Kí wọ́n má fi omi gbígbóná jó o, kí wọ́n má wọ́ ọ, kí wọ́n má sì gbé apá náà kọ́ sókè ju àyà lọ. Ilé-ìwòsàn tí oníṣẹ́-abẹ wà ni kí wọ́n gbé e lọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ bí ó bá jẹ́ òru ni. Ilé-ìwòsàn egungun tí ó wà ní Igbóbì ní ìlú Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1945 fún ìtọ́jú àwọn ọmọ-ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, wà lára àwọn tí a dá sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Egungun tí ó bá yọ síta láti inú awọ kò tilẹ̀ ní ibòmíràn láti lọ.

Ìdè ilé-ìwòsàn pàápàá lè ṣe é. Bí wọ́n bá fi Pí-Ó-Pí sí apá ọmọ lónìí, tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́ lóru, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ó pe nọ́ọ̀sì, kí ó sì tún pè é. Wọn yóò la Pí-Ó-Pí náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tó, oníṣẹ́-abẹ yóò la awọ ara àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà gbọọrọ kí ẹran lè mí. Wọn kì í rán an lójú ẹsẹ̀. Wọn a fi sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan títí ìwúwú yóò fi lọ, kí wọ́n tó rán an pa tàbí kí wọ́n fi awọ láti ibòmíràn lára rẹ̀ bò ó. Ojú ọgbẹ́ náà a máa ba àwọn òbí lẹ́rù púpọ̀. Àpá gígùn kan yóò sì wà lápá ọmọ náà títí ayé, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ márààrún yóò máa ká, wọn yóò sì máa nà.